Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Tẹlifíṣọ̀n Tó Wá Ìkànnì Tì

Mẹ́ta nínú àwọn lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ inú ilé ló ń ráhùn ohun kan náà: tẹlifíṣọ̀n ń tàn, ṣùgbọ́n kò rí ìkànnì kankan mú. Ohun tó fà á nílé kọ̀ọ̀kan kò jọra rárá, ìdí sì nìyẹn tí a fi kó wọn jọ sójú ewé kan, kí òǹkàwé lè wo èyí tó bá tirẹ̀ mu kó tó náwó.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùdáhùn wa. Ọmọ wa tó wà ní Houston ní Amẹ́ríkà fi tẹlifíṣọ̀n ńlá kan ránṣẹ́ sí èmi àti bàbá rẹ̀ ní Ìkòròdú. Ó ń tàn, ó sì ń gbé fídíò inú fláàṣì jáde dáadáa, ṣùgbọ́n bí a bá ní kó wá ìkànnì, yóò ka nọ́ńbà títí dé òpin, yóò sì kọ ọ́ sójú pé òun kò rí nǹkan kan. Wáyà àńtẹ́nà tí a kì bọ̀ ọ́ náà ni tẹlifíṣọ̀n wa àtijọ́ ń lò, tí ó sì ń mú ìkànnì púpọ̀. Ẹni tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ládùúgbò wa ní apá tó ń gba ìkànnì ti kú, pé ká mú owó bọ́ọ̀dù wá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni? — Ìyá kan láti Ìkòròdú

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fún ẹnikẹ́ni lówó bọ́ọ̀dù. Bí ẹ ṣe sọ pé wáyà kan náà ń ṣiṣẹ́ fún tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ti yọ àńtẹ́nà kúrò nínú ẹjọ́, bí ẹ sì ṣe sọ pé fídíò inú fláàṣì ń jáde dáadáa fi hàn pé àwòrán àti ohùn ẹ̀rọ náà kò ní àbùkù. Ibi tó kù tí a óò wò ni orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe tẹlifíṣọ̀n yìí fún.

Gbogbo ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló ń fi àwòrán ránṣẹ́ gba inú afẹ́fẹ́ ní ìlànà tí orílẹ̀-èdè wọn fọwọ́ sí, ẹ̀rọ tó wà nílé sì gbọ́dọ̀ mọ ìlànà yẹn kó tó lè tú àwòrán náà. Ní Nàìjíríà, ìlànà àtijọ́ tí à ń pè ní analogue ń lo PAL, èyí tó ń to àwòrán ní ìlà 625, nígbà 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìlànà ìgbàlódé, ìyẹn dígítà, ń lo DVB-T2. Amẹ́ríkà kò lo ìkankan nínú méjèèjì. NTSC onílà 525 ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2009, tí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá ibẹ̀ pa analogue tì, ATSC ni wọ́n kó lọ sórí rẹ̀. Àyè tí ìkànnì kọ̀ọ̀kan ń gbà nínú afẹ́fẹ́ pàápàá kò dọ́gba: MHz 6 (MHz ni wọ́n fi ń wọn àyè náà) ni tiwọn, ṣùgbọ́n MHz 7 ni tiwa lórí VHF, MHz 8 sì ni lórí UHF, ìyẹn apá méjì tí ìkànnì tẹlifíṣọ̀n ń gbà nínú afẹ́fẹ́. Nítorí náà, bí tẹlifíṣọ̀n yín ṣe ń ka nọ́ńbà lọ, èdè tí wọ́n kọ́ ọ ní Amẹ́ríkà ló ń tẹ́tí sí, kò sì sí ẹni tó ń sọ ọ́ nínú afẹ́fẹ́ Ìkòròdú. Apá tó ń gba ìkànnì kò kú.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú, ẹ wo àkọlé tó wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n náà tàbí ara páálí tó bá a wá. Bí ẹ bá rí ATSC, NTSC tàbí QAM (ìlànà tí wọ́n ń lò fún ìkànnì orí wáyà ní Amẹ́ríkà) níbẹ̀, tí ẹ kò sì rí PAL tàbí DVB-T2 níbi kankan, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ẹ tún wo inú mẹ́nù níbi tí wọ́n ti ń wá ìkànnì: ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà sábà máa ń béèrè Air tàbí Cable nìkan, kì í sì í béèrè orílẹ̀-èdè, nígbà tó jẹ́ pé púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ṣe fún apá ibi tiwa ló máa ń ní kí ẹ mú Country kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Bí ẹ bá ti wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ nípa iná pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára ju ti ìkànnì lọ. Bí wọ́n bá kọ 100–240V, kò sí ewu nínú iná ilé wa. Bí ó bá jẹ́ 120V nìkan ni wọ́n kọ, á jẹ́ pé ẹ̀rọ tó ń dín iná kù ni ẹ fi ń tàn án, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kékeré tàbí àlejò kankan so tẹlifíṣọ̀n náà mọ́ iná ilé ní tààràtà láé, nítorí ìṣẹ́jú kan péré ti tó láti jó o.

Ní ti oníṣẹ́ yín, mi ò pè é ní òpùrọ́. Lóòótọ́ ni àwọn oníṣẹ́ máa ń yọ bọ́ọ̀dù inú tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n á sì fi èyí tí wọ́n ń pè ní universal board rọ́pò rẹ̀, ìkànnì sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ máa pàdánù pọ̀: rìmóòtù tó bá a wá kò ní bá a ṣiṣẹ́ mọ́, gbogbo ohun tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì nínú rẹ̀ yóò lọ, bí bọ́ọ̀dù tuntun náà kò bá sì bá gíláàsì iwájú rẹ̀ mu, àwọ̀ àwòrán lè dàrú. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá tú ẹ̀rọ tí kò bà jẹ́ palẹ̀ nítorí ohun tí dìkódà kékeré kan lè yanjú láti ìta.

Dìkódà yẹn ni ìmọ̀ràn mi fún yín. Àdéhùn tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ṣe ní Geneva lọ́dún 2006 ti fi ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2015 ṣe gbèdéke kíkúrò lórí analogue, ṣùgbọ́n Nàìjíríà kò bá a. Jos ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ dígítà ọ̀fẹ́ tí à ń pè ní FreeTV, lóṣù kẹrin ọdún 2016. Ó dé Òṣogbo lóṣù kejì ọdún 2018, ó sì dé Èkó lóṣù kẹrin ọdún 2021. Ẹ ra dìkódà tí àjọ NBC, tó ń ṣe àkóso iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, fọwọ́ sí, tàbí kí ẹ lo ti ilé iṣẹ́ tó ń gba owó oṣooṣù bí ẹ bá ti ń sanwó fún ọ̀kan tẹ́lẹ̀. Ẹ yọ wáyà àńtẹ́nà kúrò lára tẹlifíṣọ̀n, ẹ so ó mọ́ dìkódà, kí ẹ wá fi wáyà HDMI so dìkódà mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Láti ìgbà náà lọ, dìkódà ni yóò máa wá ìkànnì. Tẹlifíṣọ̀n kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó fi àwòrán hàn. Ẹ tẹ Source tàbí Input lórí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ sì mú HDMI tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ihò tí ẹ so wáyà náà mọ́ mu. Àìmọye ilé ni dìkódà ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tí wọ́n sì tún ń sọ fún tẹlifíṣọ̀n pé kó máa wá ìkànnì, tí ó ń dá wọn lóhùn pé òun kò rí nǹkan kan. Òótọ́ ló ń sọ, nítorí kò sí wáyà àńtẹ́nà lára rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló lè dí yín lọ́wọ́ lẹ́yìn èyí. Àwọn dìkódà tiwa sábà máa ń gbé àwòrán jáde ní 50 Hz, ìyẹn ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àwọn tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà kan kì í sì í gba ohun tó yàtọ̀ sí 60 Hz, wọn yóò kàn kọ ọ́ pé Unsupported tàbí No Signal ni. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé dìkódà lọ sára tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ yín, kí ẹ wọ inú mẹ́nù dìkódà, kí ẹ sì yí ọ̀nà tó ń gbà gbé àwòrán jáde sí 720p tàbí 1080p oní 60 Hz, kí ẹ tó dá a padà. Ẹ má sì ta tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ náà o. Níwọ̀n ìgbà tí ìkànnì analogue kan bá ṣì ń wọlé ní àdúgbò yín, òun nìkan ni yóò lè mú un, nítorí dìkódà DVB-T2 kì í gba analogue.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú làákàyè. Ọjà Dùgbẹ̀ níbí ni mo ti ra tẹlifíṣọ̀n mi, ó sì ti ń mú ìkànnì láti ọjọ́ tí mo ti rà á. Òjò àti ìjì ńlá kan jà ní Mọ́níyà, láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ìkànnì ti ń ṣe wúruwùru. Mo tẹ Auto Tuning, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì parẹ́ pátápátá. Mo tún un tẹ̀ títí ó fi sú mi. Mo ní àńtẹ́nà lórí òrùlé àti búsítà nínú ilé. Kí ni kí n ṣe? — Òǹkàwé kan láti Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ jáwọ́ nínú Auto Tuning ná. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti nu àkọsílẹ̀ àtijọ́ kó tó kọ tuntun, bí sígínà kò bá sì wọlé nígbà tó ń wá a, òfìfo ni yóò kọ sílẹ̀. Títún un tẹ̀ kò lè mú sígínà wá láti orí òrùlé. Nígbà tí ìkànnì bá ń ṣe wúruwùru, ẹ fi í sílẹ̀ lórí ìkànnì yẹn gan-an kí ẹ lọ wá ohun tó ń ṣe àńtẹ́nà, nítorí ìkànnì tí ojú rẹ̀ ń mọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń ṣàtúnṣe ló máa sọ fún yín pé ẹ ti ń sún mọ́ ọn.

Kí ẹ tó gun ibikíbi, ẹ mọ ẹni tó jẹ̀bi láàárín tẹlifíṣọ̀n àti àńtẹ́nà. Ẹ bẹ aládùúgbò tí tirẹ̀ ń mú ìkànnì, kí ẹ gbé tẹlifíṣọ̀n yín lọ síbẹ̀, kí ẹ so ó mọ́ wáyà tiwọn, kí ẹ sì wá ìkànnì níbẹ̀. Bí ó bá rí i, tẹlifíṣọ̀n yín kò ní ẹ̀bi, orí òrùlé tàbí ojú ọ̀nà wáyà ni àṣìṣe wà. Bí kò bá rí i níbẹ̀ náà, ẹ wo inú mẹ́nù bóyá Antenna ni ẹ mú ní tòótọ́, pé kì í ṣe Cable tàbí Satellite, àti bóyá Nàìjíríà ni Country tó wà níbẹ̀, tàbí Others bí wọn kò bá kọ Nàìjíríà sí i. Bí gbogbo èyí bá pé tí kò sì mú nǹkan kan, a jẹ́ pé mànàmáná lè ti gba ojú wáyà wọlé, kó sì ba apá tó ń gba ìkànnì jẹ́. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ kan oníṣẹ́. Mo gbà yín níyànjú gidigidi pé kí ẹ ṣe ìdánwò yìí kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, nítorí kò ní ná yín ní kọ́bọ̀, kò sì sí ẹni tó lè fi irọ́ gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ti mọ ibi tí àrùn wà.

Bí mo ṣe ń ka lẹ́tà yín, búsítà, ẹ̀rọ tó ń fún sígínà lágbára, ni ọkàn mi kọ́kọ́ lọ sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí búsítà bá kú, ìkànnì yóò kàn rẹlẹ̀ díẹ̀ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Búsítà tí kò ní iná nínú máa ń dí sígínà lọ́nà débi pé ohun tó máa ń wọlé láìsí búsítà rárá kò ní lè kọjá mọ́. Ẹ wo iná kékeré ara rẹ̀ bóyá ó ń tàn, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò pátápátá, kí ẹ so wáyà tó ń bọ̀ láti òrùlé mọ́ tẹlifíṣọ̀n ní tààràtà. Bí ìkànnì kan tàbí méjì bá wọlé báyìí, bí wọn kò tilẹ̀ mọ́ dáadáa, búsítà ni ẹ ó pààrọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ irú búsítà tí apá rẹ̀ kan wà lórí ọ̀pá àńtẹ́nà, tó ń gba iná láti inú ilé gba ojú wáyà lọ, ẹni tó gòkè nìkan ló lè yọ ọ́.

Lẹ́yìn búsítà, ẹ wo ẹnu wáyà. Wáyà àńtẹ́nà ní kọ́pà kan láàárín, ike funfun yí i ká, àwọn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n hun pọ̀ sì bo ike náà. Bí ẹyọ kan péré nínú àwọn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn bá fara kan kọ́pà àárín, sígínà ti kú sójú ọ̀nà nìyẹn. Òjò sì lè wọ inú wáyà láti òkè kó máa ṣàn lọ sísàlẹ̀. Ẹ gé ẹnu rẹ̀ wò: bí kọ́pà bá ti dúdú tàbí tó ti ní àwọ̀ ewé, ẹ máa gé e títí ẹ ó fi dé ibi tó ń dán, bí kò bá sì dán níbì kankan, wáyà tuntun ni kí ẹ rà. Wáyà kò wọ́n tó tẹlifíṣọ̀n, síbẹ̀ ohun tí àwọn ènìyàn máa ń fojú fò jù lọ nìyẹn.

Ìjì tún lè ti yí ọ̀pá yín. Ẹ dúró nísàlẹ̀, kí ẹ wo àńtẹ́nà àwọn aládùúgbò: bí gbogbo wọn bá kọjú sí apá kan, tí tiyín sì kọjú sí ibòmíràn, ẹ ti rí ìdí rẹ̀. Fún àńtẹ́nà onírin gbọọrọ tó ní àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ìhà tí àwọn irin tó kúrú jù wà ló gbọ́dọ̀ kọjú sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kí èyí tó gùn jù wà lẹ́yìn. Àwọn irin náà gbọ́dọ̀ tẹ́ bíi ti àwọn ará àdúgbò, tàbí kí wọ́n dúró bí tiwọn bá dúró. Ìlú Ìbàdàn pàápàá nílò ìṣọ́ra yìí, nítorí òkè àti àfonífojì ló kún inú rẹ̀. Ìlú yìí ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, láti ìgbà náà sì ni àwọn tó ń gbé ẹ̀yìn òkè ti ń gbé àńtẹ́nà sókè ju ti àwọn tó ń gbé orí òkè lọ. Bí ilé yín bá wà ní ìsàlẹ̀, ìyípadà díẹ̀ tí ẹlòmíràn kò ní mọ̀ lára lè gba gbogbo ìkànnì lọ́wọ́ yín.

Ẹ má gun òrùlé tó tutù o. Bí wáyà iná bá kọjá nítòsí, tí ọ̀pá irin yín lè kàn án bó bá ṣubú, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ni kí ẹ pè, kí ẹ sì ti yọ tẹlifíṣọ̀n àti búsítà kúrò nínú iná kó tó gòkè. Láti ìsinsìnyí lọ, nígbàkígbà tí ààrá bá ti ń sán, ẹ yọ wáyà àńtẹ́nà pẹ̀lú ti iná. Púpọ̀ máa ń yọ ti iná nìkan.

Nígbà tí gbogbo èyí bá ti parí, àsìkò tí ẹ mọ̀ dájú pé ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wà lẹ́nu iṣẹ́ ni kí ẹ wá ìkànnì. Àwọn kan kì í ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, nítorí iná àti epo díísù, ẹ̀rọ kò sì lè rí ẹni tí kò tíì tan ẹ̀rọ tirẹ̀. Ìrọ̀lẹ́, nígbà ìròyìn, ló dára jù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo dígítà, ẹ má retí wúruwùru. Dígítà máa ń dúró ṣinṣin títí sígínà yóò fi bọ́ sísàlẹ̀ ìwọ̀n kan, lẹ́yìn náà àwòrán yóò gé sí wẹ́wẹ́, kó tó parẹ́. Inú mẹ́nù ni ẹ ti máa rí Signal Strength àti Signal Quality. Èyí èkejì ni kí ẹ tẹ̀ lé nígbà tí ẹ bá ń yí àńtẹ́nà, nítorí búsítà lè gbé ti àkọ́kọ́ ga fíofío kí ìkejì ṣì wà nílẹ̀. Bí tẹlifíṣọ̀n tó ní DVB-T2 bá wá ìkànnì, tó kó orúkọ jọ, ṣùgbọ́n tó ń kọ Scrambled sójú wọn, ẹ jẹ́ kí inú yín dùn sí i: àńtẹ́nà àti tẹlifíṣọ̀n yín pé, àwọn tó ń gba owó ló ti ìkànnì náà pa.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o. Peckham ní London ni mo ń gbé. Ìyá mi wá kí wa láti ilé, wọ́n tẹ nǹkan kan lórí rìmóòtù, láti ìgbà náà ni tẹlifíṣọ̀n ti ń sọ pé kò sí ìkànnì. Mo sì ti ń ronú pé kí n kúkú fi í ránṣẹ́ sí wọn ní Iléṣà tí wọ́n bá padà, kí n ra tuntun. Ṣé yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀? — Òǹkàwé kan láti London

Ìdáhùn: Ẹ bá wa kí Màmá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé Source ni wọ́n tẹ̀, tàbí kí àkọsílẹ̀ ìkànnì ti parẹ́. Ẹ dá Source padà sí TV tàbí Freeview, ìyẹn dígítà ọ̀fẹ́ ti Britain, kí ẹ rí i pé wáyà tó ti ara ògiri wá ṣì dúró dáadáa lẹ́yìn ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà kí ẹ wọ inú mẹ́nù, kí ẹ mú Digital pẹ̀lú Antenna tàbí Aerial, kí ẹ sì jẹ́ kó wá ìkànnì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má mú Analogue rárá, nítorí London ti pa á tì lóṣù kẹrin ọdún 2012, gbogbo Britain sì ti parí tiwọn nígbà tó fi di ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún náà. Bí ó bá jẹ́ ilé alájà púpọ̀ tí gbogbo àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ń pín àńtẹ́nà kan lò, tí ti àwọn aládùúgbò náà sì kú, onílé ni ẹ ó pè.

Ní ti Iléṣà, iná Britain àti tiwa bára mu, ẹ̀yin náà kò ní ìṣòro Ìyá Ìkòròdú. Ohun tí ẹ ó wò ni àmì tó wà lára tẹlifíṣọ̀n náà. Bí ó bá jẹ́ Freeview HD tàbí Freeview Play, ó ní DVB-T2, ó sì lè gbọ́ dígítà tí Nàìjíríà ń lò. Bí ó bá jẹ́ Freeview lásán ti àtijọ́, DVB-T nìkan ló mọ̀, kò sì ní rí dígítà kankan ní Iléṣà láìsí dìkódà. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ṣe fún Britain kò sì ní VHF nínú, nítorí pé láti ọdún 1985 ni tẹlifíṣọ̀n ti kúrò lórí VHF níbẹ̀, nítorí náà ìkànnì analogue tó bá wà lórí VHF nílé kò ní wọlé. Kí ẹ tó san owó ọkọ̀ ojú omi, ẹ ya àwòrán àkọlé tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bá Màmá tọ́jú ẹ̀rọ nílé, kí ó sì bi àwọn aládùúgbò léèrè bóyá dìkódà tàbí àńtẹ́nà lásán ni wọ́n fi ń wo ìkànnì ní àdúgbò yẹn.